Ilé Iṣẹ́, Ilé Ìṣẹ́: Ìtàn Ilé Pupa Beckett Street ní Leeds

Àmì ohùn kan péré ló pààlà sáàárín iṣẹ́ àti ìṣẹ́ nínú èdè Yorùbá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sí igba ọdún báyìí tí wọ́n ti kọ́ irú ilé kan káàkiri orílẹ̀-èdè wọn, tí ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ń gbé inú rẹ̀. Workhouse ni orúkọ tí ìjọba fún un, ìyẹn ilé iṣẹ́. Àwọn tí ìyà lé débẹ̀ mọ̀ pé ilé ìṣẹ́ ni. Nínú ìtàn yìí, ilé òtòṣì ni n óò máa pè é, nítorí pé òtòṣì ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ṣì dúró ní Beckett Street, lápá ìlà oòrùn ìlú Leeds, ìlú tí Wọlé Ṣóyínká ti lọ yunifásítì láàárín 1954 sí 1957. Bíríkì pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí i lára. Bó ṣe gùn lọ sápá ọ̀tún náà ló gùn lọ sápá òsì, ilé gogoro sì yọrí níwájú rẹ̀. Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i láti títì lè rò pé ilé ọlọ́lá ayé àtijọ́ kan ni, tàbí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ olówó. Ọdún 1861 ni wọ́n ṣí i. Ọsibítù St James's ló wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí tẹrú-tọmọ ní Leeds ń pè ní Jimmy's, ọ̀kan lára àwọn ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó tóbi jù ní ilẹ̀ Yúróòpù. Inú ilé òtòṣì yẹn ni ọsibítù náà ti hù jáde. Bó ṣe hù ni mo fẹ́ sọ, nítorí ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún wa ni pé ìjọba ló fi òfin sọ ilé òtòṣì di ilé ìwòsàn. Àwọn aláìsàn ló kọ́kọ́ gba ilé náà mọ́ ìjọba lọ́wọ́, òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ni.

Ọdún 1834 ni ká ti mú ọ̀rọ̀ náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, àdúgbò ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́ òtòṣì tirẹ̀, owó orí àwọn onílé àti onílẹ̀ ni wọ́n sì ń ná sí i. Àwọn tó ń san owó náà ń kùn pé ó pọ̀ jù. Ni ilé aṣòfin ní London bá ṣe òfin tuntun: ẹni tó lápá tó lẹ́sẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rí ìrànwọ́ gbà mọ́ àfi bó bá gbà láti wọ ilé òtòṣì, ìgbé ayé inú ilé náà sì gbọ́dọ̀ le ju ti alágbàṣe tó kúṣẹ̀ẹ́ jù lọ níta. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rù ilé náà máa lé èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà. Ilé tí wọ́n kọ́ kí èèyàn má baà wọ̀ ọ́ nìyẹn, èmi kò sì mọ irú rẹ̀ kankan láyé àtijọ́ tiwa. Àìní wà láàárín wa, ìwọ̀fà wà, ẹrú wà, a kò gbọ́dọ̀ parọ́ pé gbogbo agbo ilé ló rọ̀ṣọ̀mù. Ṣùgbọ́n pé kí ìlú kó owó jọ, kí wọ́n fi kọ́ ilé abanilẹ́rù fún arúgbó àti ọmọ òrukàn, a kò ṣe ìyẹn.

Ọ̀dọ́ ayàwòrán ilé kan, Sampson Kempthorne, ni wọ́n ní kó ya àwòrán tí gbogbo ìlú á máa wò kọ́lé. Ọdún 1835 ni àwòrán rẹ̀ jáde. Ọ̀kan dà bí àgbélébùú, òmíràn dà bíi lẹ́tà Y tí ògiri onígun mẹ́fà yí ká. Àárín gbùngbùn ni yàrá ọ̀gá ilé wà, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí àgbàlá gbogbo, kó lè máa rí kálukú láìdìde. Àgbàlá ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin, ti ọmọkùnrin yàtọ̀ sí ti ọmọbìnrin, ògiri gíga ló sì là wọ́n láàárín. Tọkọtaya tó jọ dé ẹnu ọ̀nà á pínyà níbẹ̀. Wọ́n á gba aṣọ ọrùn wọn, wọ́n á wẹ̀ fún wọn, wọ́n á gbé aṣọ ilé wọ̀ wọ́n, ọkọ á gba ọ̀tún, aya á gba òsì, àwọn ọmọ á sì gba ibòmíràn. Tó o bá wá ń wá ibi tí aláìsàn á sùn sí nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, wàá pẹ́ kó o tó rí i. Yàrá kékeré kan níkọ̀rọ̀ ni. Lójú àwọn tó ṣe òfin náà, alápá-má-ṣiṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tọrọ ìrànwọ́, alápá-má-ṣiṣẹ́ ni wọ́n sì kọ́lé dè.

Iṣẹ́ okùn ni ẹ óò fi mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ní lọ́kàn. Wọ́n á wá okùn ọkọ̀ òkun tó ti gbó, tí ọ̀dà ti gbẹ mọ́ lára, wọ́n á gé e ní gígé-gígé. Òtòṣì á jókòó tì í, á máa fi èékánná tú u, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, títí okùn á fi padà di ìhùùhù bí òwú tí a kò tíì ran. Ọ̀dà á dì sí i lábẹ́ èékánná, ọmọ ìka á bó, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Ìhùùhù yẹn ni àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ń rà, òun ni wọ́n fi ń dí àlàfo àárín pákó kí omi má baà wọlé. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà, lọ́nà yìí kan náà.

Leeds kò tètè gba òfin 1834 mọ́ra. Wọ́n ti ní ilé òtòṣì àtijọ́ kan ní Lady Lane láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, wọ́n sì fẹ́ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú ń wú. Èèyàn tó wà níbẹ̀ ní 1801 kò ju nǹkan bí 53,000 lọ. Nígbà tó fi di 1851, wọ́n ti lé ní 172,000. Ilé iṣẹ́ aṣọ ló ń fà wọ́n wá, irun àgùntàn, ọ̀gbọ̀, èéfín, ariwo ẹ̀rọ. Ilé híhá tí wọ́n fẹ̀yìn ti ara wọn, tí kò ní fèrèsé lẹ́yìn, ni wọ́n ń gbé, ìdílé mélòó kan ló sì ń pín ṣáláńgá kan lò. Ní 1832, àrùn onígbáméjì pa 702 èèyàn ní Leeds. Dókítà kan níbẹ̀, Robert Baker, ya máàpù ìlú láti fi hàn àwọn aláṣẹ pé ibi tí kò ti sí omi tó mọ́ àti gọ́tà ni àrùn náà ti pa èèyàn jù. Àwọn tó ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni yóò padà kún ilé Beckett Street, alápá-má-ṣiṣẹ́ kọ́.

Ní 1844 ni wọ́n tó dá ẹgbẹ́ alábòójútó òtòṣì sílẹ̀ ní Leeds ní ìlànà òfin tuntun. Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́lé fún: ní 1848, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìwà àti iṣẹ́ ọwọ́ kan sí orí ilẹ̀ tó wà ní Beckett Street. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ní 1858, wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé òtòṣì gan-an lélẹ̀ nítòsí rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Ọbabìnrin Victoria wá sí Leeds láti ṣí gbọ̀ngàn ìlú ńlá tí Cuthbert Brodrick ya àwòrán rẹ̀. Ìlú náà ń fi òkúta àti bíríkì sọ fún gbogbo ayé pé òun ti lówó.

Àwọn tó ya àwòrán ilé òtòṣì náà ni William Perkin àti Elisha Backhouse. Àwọn méjèèjì ti ṣe ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n sì ti ṣe nǹkan mìíràn ṣáájú rẹ̀: ọgbà ẹ̀wọ̀n Armley, tó wà lódìkejì ìlú, tí wọ́n ṣí ní 1847, tí ògiri rẹ̀ dúdú tó sì ga bí ti ilé olódi. Ọwọ́ kan náà ló ya ẹ̀wọ̀n ìlú, tó ya ilé òtòṣì ìlú. Mi ò sọ pé ìkà ni wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ilé méjèèjì á rí i pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn: báwo la ṣe lè kó ọ̀pọ̀ èèyàn sójú kan, ká pín wọn sọ́nà-sọ́nà, kí ojú àwọn díẹ̀ sì máa wà lára wọn?

Èèyàn 784 ni ilé Beckett Street lè gbà. Ọ̀nà àbáwọlé wà láàárín, apá kan jẹ́ ti ọkùnrin, apá kejì jẹ́ ti obìnrin, ilé ìsìn tiwọn sì wà nínú ọgbà kí wọ́n má baà rí ìdí láti jáde lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn tó ń sanwó orí ni wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ iwájú ilé náà fún. Wọ́n fẹ́ kí ará ìlú tó ń kọjá lọ rí i pé owó òun kò ṣègbé, kó sì rí i pé Leeds láàánú. Òtòṣì tó ń gbé inú rẹ̀ kì í rí iwájú ilé. Ẹ̀ẹ̀kan ló kọjú sí i, lọ́jọ́ tó ń wọlé.

Ta ló wá wọlé? Ibí ni ìṣirò àwọn aṣòfin ti já. Àwọn tó lágbára kì í wá àfi nígbà tí iṣẹ́ bá dá ní ìlú, bí iṣẹ́ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ padà, wọ́n á jáde. Àwọn tó wọlé tí kò jáde mọ́ ni arúgbó tí ọmọ rẹ̀ kò lè bọ́, oníwúkoẹ̀gbẹ, arọ, afọ́jú, oníwárápá, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú, àti ọmọbìnrin tó lóyún tí wọ́n lé nílé ọ̀gá. Ọsibítù wà ní Leeds nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọrẹ àwọn olówó ló ń gbé irú ọsibítù bẹ́ẹ̀ ró, ó sì ti di àṣà pé kí aláìsàn mú lẹ́tà wá láti ọwọ́ ẹnì kan tó ń dáwó sí i. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti wọra, tí kò ní san lọ́la, wọn kì í fẹ́ gbà á. Ilé òtòṣì nìkan ni kò lè lé e padà. Bẹ́ẹ̀ ni yàrá kékeré ìkọ̀rọ̀ tí Kempthorne yà fún aláìsàn ṣe ń kún, tó ń ṣàn jáde, títí gbogbo ilé fi di yàrá aláìsàn.

Àwọn tó ń tọ́jú wọn pàápàá, òtòṣì bíi tiwọn ni. Obìnrin arúgbó tí kò mọ̀wé, tí kò lè ka ohun tó wà lára ìgò oògùn, ni wọ́n ń yàn ṣe nọ́ọ̀sì, ọtí ni wọ́n sì fi ń san án lẹ́san níbòmíràn. Ní London, dókítà kan tó ń jẹ́ Joseph Rogers wà ní ilé òtòṣì Strand láti 1856. Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ £50 lọ́dún, inú owó yẹn ló sì ti gbọ́dọ̀ ra oògùn fún ọgọ́ọ̀rọ̀ aláìsàn. Ó pariwo títí. Ní òpin 1864, ọkùnrin kan, Timothy Daly, kú lẹ́yìn tó ti ṣàìsàn ní ilé òtòṣì Holborn tí egbò ibùsùn sì ti bo ara rẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn, inú bí ìlú. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà, The Lancet, rán àwọn oníṣègùn káàkiri ilé òtòṣì London ní 1865, ohun tí wọ́n sì rí nínú wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn kó jìnnìjìnnì bá àwọn tó kà á. Ní 1867, òfin jáde fún London pé kí wọ́n kọ́ ilé ọ̀tọ̀ fún àwọn òtòṣì tó ń ṣàìsàn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òfin ilẹ̀ náà gbà pé ìjọba ló yẹ kó fi owó ìlú kọ́ ọsibítù fún ẹni tí kò ní nǹkan kan.

Liverpool ti ṣáájú London ní ti nọ́ọ̀sì. Ní 1865, Agnes Jones, tí Florence Nightingale kọ́ níṣẹ́, kó nọ́ọ̀sì méjìlá tó kọ́ṣẹ́ dáadáa wọ ilé òtòṣì Brownlow Hill. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ibà táífọ́ọ̀sì pa á ní 1868, ọmọ ọdún márùndínlógójì ni. Nínú gbogbo ìtàn yìí, òun ni mo máa ń rántí jù, nítorí ilé tí gbogbo ayé ń sá fún ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ̀.

Nightingale ló kọ́ àwọn ayàwòrán ilé pé ilé fúnra rẹ̀ lè pa aláìsàn. Ó gbà gbọ́ pé afẹ́fẹ́ tó ti bàjẹ́ ló ń fa àrùn. Ó ṣì í ní ti ìdí àrùn, ṣùgbọ́n ilé tí ìgbàgbọ́ yẹn mú un yà dára. Ẹ jẹ́ ká wọ inú rẹ̀. Yàrá gígùn kan ni, ibùsùn bí ọgbọ̀n ló wà níbẹ̀, ìlà kan lápá ọ̀tún, ìlà kan lápá òsì, orí ibùsùn kọjú sí ògiri. Fèrèsé gíga wà lógiri méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, bẹ́ẹ̀ ni ibùsùn tó ń pín fèrèsé kan kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Bí wọ́n bá ṣí ti ọ̀tún àti ti òsì, atẹ́gùn á fẹ́ láti ìhín dé ọ̀hún. Nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rí gbogbo aláìsàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní òpin yàrá, wọ́n yọ ọ́ síta kí òórùn má baà padà wọlé. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan dá dúró bí apá tó nà jáde lára ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ti lọ kí aláìsàn ní jẹ́nẹ́rà ọsibítù àtijọ́ nílẹ̀ wa mọ irú yàrá yìí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ojú ọ̀gá tó ń ṣọ́ òtòṣì láti àárín nínú àwòrán Kempthorne náà ló padà wá di ojú nọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ìwòye kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wò ó fún ti yí padà.

Ìlànà yìí ni George Gilbert Scott tẹ̀ lé nígbà tó kọ́ ọsibítù tuntun tí ọrẹ àwọn olówó ń gbé ró fún Leeds, èyí tí wọ́n parí ní 1869. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1874, ìlànà kan náà dé Beckett Street: wọ́n parí ilé ńlá kan fún àwọn òtòṣì tó ń ṣàìsàn, lọ́tọ̀ sí ilé òtòṣì. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ̀yìn ọgbà ló ń gbèrú, tí iwájú sì dúró bó ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí ilé òtòṣì di ọsibítù, 1874 ni kó mú, kó fi ti 1948 sílẹ̀, ọdún tí ètò ìlera ọ̀fẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ ló ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Òfin 1885 ní ẹni tó gba ìtọ́jú ìṣègùn nìkan lọ́wọ́ ìjọba kò ní pàdánù ẹ̀tọ́ ìdìbò rẹ̀ mọ́. Láti 1904, wọ́n ní kí wọ́n má kọ orúkọ ilé òtòṣì sínú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, kí ojú má baà máa ti ọmọ náà títí ayé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n kó kún Beckett Street, wọ́n sì pè é ní East Leeds War Hospital. Ní 1925 ló di St James's Hospital. Ní 1930, ẹgbẹ́ alábòójútó òtòṣì wọlẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà, ìgbìmọ̀ ìlú gba ilé wọn. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún oṣù keje 1948, ètò ìlera ọ̀fẹ́ NHS gba gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọsibítù tí NHS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ilé òtòṣì ni wọ́n lánàá.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè yọ ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn arúgbó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1948, àwọn àgbàlagbà ṣì wà tó ń bẹ ọmọ wọn pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ sí ọsibítù kan tàbí òmíràn, nítorí wọ́n mọ ohun tí ilé náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ìdí. Òfin 1832 ti fún àwọn oníṣègùn láǹfààní láti la òkú òtòṣì tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà, kí wọ́n fi kẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí wọ́n bá sì sin, inú ihò àjọlò ni, láìsí orúkọ.

Itẹ́ òkú Beckett Street wà ní òdìkejì títì sí ilé òtòṣì náà, 1845 ni wọ́n ṣí i. Àwọn aláìsàn lè máa wò ó láti ojú fèrèsé. Níbẹ̀ ni àwọn tálákà Leeds ti wá ọgbọ́n kan dá sí ọ̀rọ̀ ikú: sàréè onígínì. Ẹbí á san gínì kan, ìyẹn pọ́n-ùn kan àti ṣílè kan, wọ́n á sì sin òkú wọn pẹ̀lú àwọn tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ sínú sàréè kan, ṣùgbọ́n wọ́n á gbẹ́ orúkọ kálukú sára òkúta tó wà lórí rẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Orúkọ, ọjọ́ ikú, iye ọdún. Òkúta kan á gbé orúkọ àlejò mélòó kan pọ̀, ọmọ ọwọ́ lábẹ́ bàbá arúgbó, ìyá ọlọ́mọ lábẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Owó kékeré kọ́ ni gínì lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìgbà yẹn. Wọ́n san án kí orúkọ èèyàn wọn má baà pa rẹ́.

Ọmọ Yorùbá kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Wọ́n bí David Oluwale ní Èkó ní 1930. Ó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ òkun, ó dé Hull ní 1949, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n Armley, inú ògiri tí Perkin àti Backhouse yà. Ní 1953, wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Menston, èyí tí wọ́n ṣí ní 1888 fún àwọn òtòṣì tí orí wọn dàrú, ọdún mẹ́jọ ló sì lò níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò rílé, ojú títì Leeds ló ń sùn. Àwọn ọlọ́pàá méjì kan ń dọdẹ rẹ̀ lóru. Ní 1969, wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò Aire. Ilé ẹjọ́ dá àwọn ọlọ́pàá náà lẹ́bi ní 1971 pé wọ́n lù ú, wọn kò dá wọn lẹ́bi ikú rẹ̀. Sàréè òtòṣì ni wọ́n sin ín sí, ní Killingbeck, ìlà oòrùn Leeds. Ó ti lé ní ogún ọdún tí NHS ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, ọmọ Yorùbá mìíràn, Kofoworola Abẹ́ní Pratt, ti gba ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Nightingale dá sílẹ̀ ní St Thomas' ní London jáde, ó padà sílé, ó sì di ọ̀gá nọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní UCH Ìbàdàn. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tó tẹ̀ lé e lọ sí Bìrìtéènì kò lóǹkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti fẹsẹ̀ tẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé òtòṣì àná láìmọ̀.

Ilé pupa náà kò gba aláìsàn mọ́. Láti 1997 ló ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nípa ìṣègùn, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ Thackray, ìdílé tó ti ta irinṣẹ́ àwọn dókítà rí ní Leeds. Nínú rẹ̀, wọ́n tún àdúgbò tálákà ọdún 1840 kọ́, ẹgbin rẹ̀, ilé híhá rẹ̀ àti òórùn rẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ Covid, ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní 2023, Leeds ṣí afárá tuntun kan sórí odò Aire, wọ́n sì fi orúkọ David Oluwale pè é.

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní Leeds, tàbí tó ń kọjá níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ti wo ilé náà tán, ẹ má tíì máa lọ. Ẹ sọdá títì sí itẹ́ òkú. Ẹ wá òkúta onígínì kan, ẹ ka orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ sókè, kí ẹ tó yí sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ ka ìyókù.